Ṣé Ọ̀rọ̀ Ìbàlágà Ń La Ọmọ Lójú? Ìdáhùn fún Ìyá Ọlọ́mọ Méjì

Ìbéèrè tí ìyá kan kọ ránṣẹ́ sí mi nìyí: “Ọmọbìnrin mi pé ọdún 11. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní nǹkan oṣù, àti pé ṣé ó máa ń dunni. Mo ní kó lọ ka ìwé rẹ̀, pé bó bá dàgbà yóò mọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ohùn rẹ̀ ti ń yí padà, ó máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ọkọ mi ní bí a bá ń bá wọn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ńṣe la kàn ń là wọ́n lójú. Èmi gan-an kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó bá èmi náà sọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kí ni kí n sọ, ìgbà wo ni kí n sọ ọ́, ta ló sì yẹ kó sọ ọ́ nínú àwa méjèèjì?”

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, ìyá wa. Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tó wúwo lójú mi ju gbogbo ìyókù lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀yin má kà á sí: “Láti ọjọ́ náà, kò béèrè nǹkan kan mọ́.” Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mo ń ṣe, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì ti lò níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́langba. Nínú àwọn tí ọ̀ràn wọn ti wọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìwọ̀nba ni àwọn tó ń sọ pé ẹnì kankan kò kọ́ àwọn ní nǹkan. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń sọ ni pé àwọn kò mọ ẹni tí àwọn lè sọ fún láìjẹ́ pé ó lọgun. Wọ́n ti ka nípa ẹ̀yà ara ní iléèwé, wọ́n ti rí àwòrán rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti ṣe ìdánwò lé e lórí. Ohun tí wọn kò ní ni àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ kò ní yí padà nígbà tí wọ́n bá la ẹnu. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tó jẹ́ ti òbí gan-an nínú ọ̀rọ̀ ìlera ètò ìbímọ, èyí tí olùkọ́ àti dókítà kò lè bá yín ṣe, òun náà nìyẹn: kí ẹ jẹ́ ẹni tí ọmọ lè kó ìtìjú rẹ̀ wá bá. Ìmọ̀ ṣe pàtàkì, n ó sì sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òbí gbà dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ọmọ fi ń pinnu bóyá ìkejì yóò wáyé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ọkọ yín ní àkọ́kọ́, nítorí bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá fohùn ṣọ̀kan, ohun tí ẹnì kan bá kọ́ lọ́sàn-án ni ẹnì kejì yóò máa wó lálẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló wà nídìí rẹ̀, ó sì jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu pé ohun tí ọmọ kò bá gbọ́ kò ní wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Àmọ́ wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 2018, UNESCO, àjọ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà lágbàáyé, pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe àtúntẹ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà lórí kíkọ́ ọmọ nípa ìbálòpọ̀, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 2009. Wọ́n kó àbájáde ìwádìí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ, ohun tí wọ́n sì rí ni pé kíkọ́ ọmọ kì í mú kó tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀, kì í sì í mú kó ṣe é lemọ́lemọ́. Láwọn ibì kan, ńṣe ló mú kí àwọn ọ̀dọ́ sún un síwájú, tí àwọn tó sì ti bẹ̀rẹ̀ túbọ̀ ń dáàbò bo ara wọn.

Ẹ tún lè bi ọkọ yín pé ojú wo gan-an ni à ń bẹ̀rù láti là. Ojú ọmọ ọdún 14 tó ń lo fóònù ti là kalẹ̀. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò túmọ̀ ohun tó ń rí fún un. Fíìmù oníhòòhò tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí i kò ní sọ fún un pé òṣèré ni àwọn tó ń wò, kò ní sọ nípa àrùn, kò ní sọ nípa oyún, kò sì ní sọ fún un pé ó pọn dandan kí a mọ̀ bóyá ẹnì kejì fẹ́ tàbí kò fẹ́. Bí ilé bá dákẹ́, fóònù kò ní dákẹ́.

Ní ti ìgbà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọ̀dọ́langba sí ẹni tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ṣùgbọ́n ara kì í wo kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni. Ìbàlágà ọmọbìnrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 8 sí 13, ti ọmọkùnrin láàárín ọdún 9 sí 14. Ọmú ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ lára ọmọbìnrin, bíi kókó kékeré kan lábẹ́ orí ọmú, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo fún oṣù mélòó kan kí èkejì tó tẹ̀ lé e, ó sì lè máa dùn ún bí nǹkan bá gbá a. Mo ti rí àwọn ìyá tó gbé ọmọ sáré wá pé jẹjẹrẹ ni. Lẹ́yìn tí ọmú bá yọ, ó máa ń tó ọdún méjì tàbí díẹ̀ lé kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ fi ìyẹn ṣírò. Bí ọmú ọmọ yín bá ti yọ láti ọdún kan sẹ́yìn, ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé tó kàn ń ṣe ojúmìító; ìbéèrè ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àlejò lẹ́nu ọ̀nà ni.

Ti ọmọkùnrin yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń pẹ́. Kórópọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ tóbi sí i, kò sì sí ẹni tó ń rí i. Ìgbà tí ohùn bá yí padà ni ará ilé tó mọ̀ pé ọmọ ti ń bàlágà, bẹ́ẹ̀ ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ti ọmọkùnrin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọmọbìnrin ni ẹ fi ṣíwájú nínú lẹ́tà yín. N ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Kí wá ni ẹ ó sọ fún ọmọ ọdún 11 nípa nǹkan oṣù? Òtítọ́ ni, ní ṣókí, ní èdè tó yé e. Ẹ lè sọ pé lóṣooṣù ni ilé ọmọ máa ń tẹ́ ibùsùn rírọ̀ kan sínú ara rẹ̀ de oyún tó bá fẹ́ dúró níbẹ̀, pé bí oyún kò bá dúró, ilé ọmọ á ká ibùsùn náà kúrò, òun àti ẹ̀jẹ̀ á sì jáde lójú ara. Kì í ṣe ọgbẹ́, kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ 2 sí 7. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kì í sábà ju ṣíbí ńlá méjì sí mẹ́ta lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ó lè dà bíi pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara òun ló ń tán lọ.

Ó béèrè bóyá ó máa ń dunni. Ẹ má parọ́ fún un. Ẹ sọ pé inú rírun nísàlẹ̀ ìdodo wọ́pọ̀ ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì, pé igò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé, tí a sì gbé lé ikùn, máa ń mú kó rọlẹ̀, àti pé oògùn ìrora bíi ibuprofen máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá lò ó ní kété tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ẹ fi kún un pé bí ìrora bá ń dá a dúró sílé lóṣooṣù tí kò jẹ́ kó lè lọ síléèwé, ìyẹn kì í ṣe ohun tí obìnrin gbọ́dọ̀ fara dà. Dókítà ni kó rí. Bákan náà ni bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ju ọjọ́ 7 lọ.

Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ fún un ní àpò kékeré kan tí páàdì méjì àti pátá mímọ́ wà nínú rẹ̀, kó máa gbé e lọ síléèwé, kí ẹ sì fi bí wọ́n ṣe ń lẹ páàdì mọ́ pátá hàn án, kó gbìyànjú rẹ̀ lójú yín. Ó yẹ kó máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà síra, kódà bí kò bá tíì kún, kó sì máa fọ ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ ló ń lò, ọṣẹ àti omi mímọ́ ni kó fi fọ̀ ọ́, inú oòrùn ni kó sì sá a sí. Aṣọ tí a tì sábẹ́ ibùsùn nítorí ìtìjú kì í gbẹ dáadáa, ó sì lè da ara láàmú.

Nǹkan kan tún wà tó kan ẹ̀yin fúnra yín. Ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan oṣù kì í tíì mọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa. Ó lè jẹ́ ọjọ́ 21 ni yóò fi padà wá, ó sì lè tó ọjọ́ 45. Mo ti rí ìyá tó ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń ka owó, tí ó sì fi ẹ̀sùn oyún kàn án nígbà tí ó pẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Oyún kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọkàntán ti bá a lọ. Ẹ kọ́ ọmọ yín kó máa kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ ni. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ìṣe rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ oyún, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe lo irọ́ tí àwọn òbí púpọ̀ fi ń dẹ́rù ba ọmọ, pé bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn ọ́, oyún dé nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí ọmọ yóò fi rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá sì rí i ni yóò da òtítọ́ tí ẹ sọ mọ́ irọ́ náà, tí yóò kó gbogbo rẹ̀ dànù. Èyí tó burú jù ni ti ọmọ tí ẹnì kan fọwọ́ kàn lọ́nà àìtọ́, tí ó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti lóyún, tí ìbẹ̀rù ìyẹn sì pa á lẹ́nu mọ́ nígbà tó yẹ kó kígbe. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ kò le láti sọ: àtọ̀ ọkùnrin ló ń bá ẹyin obìnrin pàdé nígbà ìbálòpọ̀ kí oyún tó wà. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé ọmọbìnrin lè lóyún kó tó rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ rárá. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Bí a bá fi èyí kún àìdúró-déédéé ọjọ́ tí mo sọ lókè, a ó rí i pé ẹ̀tàn ni ìṣírò “ọjọ́ tí kò léwu” tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe fún ara wọn.

Ẹnu lè kọ́kọ́ wúwo láti dárúkọ àwọn ẹ̀yà ara wọ̀nyí. Mo gbà. Okó, òbò, ẹpọ̀n, ọ̀rọ̀ inú èdè wa ni gbogbo wọn, kì í ṣe èébú. Àwọn tó ń bú ara wọn lójú títì ló sọ wọ́n di èébú. Bí ẹnu yín kò bá gbà á, “ojú ara” tàbí “nǹkan ọkùnrin” yóò ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ọmọ mọ ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí, nítorí ọmọ tí kò ní orúkọ fún ibi kan lára rẹ̀ kò lè sọ fún yín pé ibẹ̀ ń dùn òun, tàbí pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án níbẹ̀.

Ó wá ku ọmọkùnrin. Aṣọ ibùsùn tó ń fọ̀ ní kùtùkùtù ti sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ: àtọ̀ máa ń jáde lára rẹ̀ lójú oorun, kò sì mọ ohun tí wọn yóò rò nípa òun bí wọ́n bá rí i. Ẹ má ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà bi í pé kí ló ń fọ̀. Ẹ kàn fi aṣọ ibùsùn mìíràn síbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò tó. Lọ́jọ́ mìíràn tí ara bá tù yín, kí ọ̀kan nínú yín sọ fún un pé ara ọkùnrin tó ń bàlágà máa ń ṣe àtọ̀, pé ó lè jáde lójú oorun, pé kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó dá, àti pé àwọn kan wà tí kì í ṣẹlẹ̀ sí, tí wọ́n sì pé pérépéré. Kí ẹ sọ fún un pé okó lè le lójijì láìsí ìdí kankan, kódà nínú kíláàsì, pé bí kórópọ̀n kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, bó ṣe yẹ kó rí ni, àti pé ó wọ́pọ̀ gan-an kí ọmú ọmọkùnrin wú díẹ̀ ní àkókò yìí. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọkùnrin ni ó máa ń ṣe, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì. Ọmọ tí ẹnì kan kò sọ èyí fún lè máa bẹ̀rù fún ọdún kan gbáko pé òun ń di obìnrin, tí kò ní bọ́ ẹ̀wù lójú ẹnikẹ́ni.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo òbí tó ní ọmọkùnrin, mo sì fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ọ láti ẹnu yín. Okùn tó gbé kórópọ̀n ró lè lọ́ mọ́ra lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Ọjọ́ orí ìbàlágà ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Ìrora rẹ̀ máa ń dé wàrà, ó máa ń le koko, inú lè máa run ún, ó sì lè máa bì. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń gba kórópọ̀n náà là. Bó bá di ọjọ́ kejì, yíyọ ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́. Ẹ wá wo ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òru ni ó dé bá a. Yóò ká ara rẹ̀ kò sórí ibùsùn, yóò máa retí pé kó lọ, yóò sì di òwúrọ̀ kó tó sọ pé inú ló ń run òun. Kì í ṣe àìmọ̀ ló gba ẹ̀yà ara lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìtìjú ni. Nítorí náà, ẹ sọ fún un ní kedere pé bí ibẹ̀ bá dùn ún lójijì, ìgbàkigbà tó bá jẹ́, kó jí yín.

Ní ti kí ọmọ máa fi ọwọ́ pa ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ láti gbádùn ara rẹ̀, kò sí òbí tí kì í bi mí. Kì í fọ́ ojú, kì í sọni di àgàn, kì í sì í ba ọpọlọ jẹ́. Bí ìgbàgbọ́ yín bá ní ohun kan láti sọ lórí rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́. Ẹ má ṣe pa á láró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìlera, nítorí ìgbàgbọ́ tí a fi irọ́ gbé ró kì í pẹ́ wó.

Kí ọmọkùnrin náà mọ̀ nípa nǹkan oṣù, kí ọmọbìnrin sì mọ̀ nípa ìbàlágà ọkùnrin. Ọmọkùnrin tó mọ̀ kò ní fi àmì ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kó sì mọ̀, láti ẹnu bàbá rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, pé ẹni méjì ló ń dá oyún, pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni,” pé “bẹ́ẹ̀ ni” tí a fi ẹ̀bẹ̀ àti ìhalẹ̀ gbà kì í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni,” àti pé ẹni tó ti gbà lánàá lè kọ̀ lónìí.

Ààbò ara àwọn méjèèjì tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ọmọ lọ́nà àìtọ́ kì í sábà jẹ́ àjèjì. Ẹni tí ilé mọ̀ tí ilé sì fọkàn tán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ìlànà kan tó rọrùn fún ọmọ láti rántí ni pé ẹni tó bá ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ gan-an ni kó kọ́kọ́ sọ fún. Èyí kan ẹni tó bá ń béèrè fọ́tò ìhòòhò rẹ̀ lórí fóònù, kódà bí fọ́tò náà bá ti lọ ná, kódà bí ẹni náà bá ń halẹ̀ pé òun yóò tú u síta. Bí ohun búburú bá ti ṣẹlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín jẹ́: “Mo gbà ọ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.” Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an, láìkọ́kọ́ wẹ̀ láìsì kọ́kọ́ fọ aṣọ. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá, oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ márùn-ún, bó bá sì ṣe yá tó ni àwọn méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Ṣé ó wá yẹ kí òbí bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa kọ́ńdọ̀mù àti ìfètòsọ́mọbíbí? Àwọn amòye kan yóò yí ọ̀rọ̀ yìí po. Èmi gbà pé ó yẹ, pàápàá fún ọmọ ọdún 14, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀yin fẹ́ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀: pé àwọn ìṣòro oyún àti ìbímọ wà lára ohun tó ń pa àwọn ọmọbìnrin ọdún 15 sí 19 jù lágbàáyé, pé ọ̀pọ̀ àrùn ìbálòpọ̀ kì í ní àmì kankan, àti pé irú wọn kan, bíi chlamydia, lè ba ọ̀nà ẹyin jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí obìnrin tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kún un pé nínú gbogbo ohun tí a fi ń dènà oyún, kọ́ńdọ̀mù ni èyí tó tún ń dènà àrùn. Ọmọ kò ní gbọ́ ọ bí ẹni tó fún òun láṣẹ. Yóò gbọ́ ọ bí ẹni tó fẹ́ kí òun wà láàyè.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tún wà, èyí tó ń dènà kòkòrò tó máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọdún 9 sí 14 ni àkókò rẹ̀ fún ọmọbìnrin, kó tó bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀ rárá, ọmọ yín sì wà láàárín rẹ̀ gan-an. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lè tó fún ọjọ́ orí yìí. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń fún ọmọkùnrin náà. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín.

Ẹ béèrè ẹni tó yẹ kó sọ ọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ni, kò sì di dandan kí ìyá máa wá ọmọbìnrin kí bàbá máa wá ọmọkùnrin; ẹni tí ọmọ bá bi léèrè ni kó dáhùn. Ẹ má ṣe pe ìpàdé. Ìpàdé ló ń mú kí ọmọ máa wo ilẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá jọ ń fọ abọ́, tàbí tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀, tí kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kejì, ni ẹnu máa ń rọrùn fún ọ̀dọ́langba. Bí ìbéèrè bá dé tó dẹ́rù bà yín, ẹ kọ́kọ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, “Kí lo gbọ́ nípa rẹ̀?” Ẹ ó mọ ibi tó dé, ẹ ó sì rí àyè mí. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì jọ wádìí rẹ̀. Ohun tó bá sì sọ fún yín, ẹ má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí. Ọmọ tó bá gbọ́ tí ẹlòmíràn ń kí i kú oríire nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ nìkan ló sọ fún, kò ní padà wá mọ́. Ẹ óò sì tún un sọ títí, nítorí ẹ̀yà ọpọlọ tó wà níwájú orí, tó ń bá wa wọn ewu kí a tó dáwọ́ lé nǹkan, kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi lé ní ọmọ ogún ọdún dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó.

Ní ṣókí, kí ọmọ rí dókítà bí àmì ìbàlágà bá hàn lára ọmọbìnrin kó tó pé ọdún 8 tàbí lára ọmọkùnrin kó tó pé ọdún 9. Bí ọmú kò bá tíì yọ nígbà tí ọmọbìnrin pé ọdún 13, tàbí tí kò sí àyípadà kankan lára ọmọkùnrin nígbà tó pé ọdún 14. Tàbí bí ọmọbìnrin bá pé ọdún 15 láìrí nǹkan oṣù.

Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà nílẹ̀. Ní alẹ́ òní tàbí lọ́la, nígbà tí ẹ̀yin méjì nìkan bá wà, ẹ sọ fún un pé: “O bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́sí, mi ò dá ọ lóhùn dáadáa. Ojú ló tì mí, nítorí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún èmi náà. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ báyìí.” Ó ṣeé ṣe kó sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n, pé ọ̀rẹ́ òun ti sọ ọ́ fún òun. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dùn yín. Ẹ ní kó sọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó tún èyí tó bá wọ́ níbẹ̀ ṣe.